ÌFURA KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Gbogbo Ilé Mọ̀ Nípa Àyẹ̀wò Igbó àti Igbó Àtọwọ́dá



Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ń sọ ní bòókẹ́lẹ́. Ìwàásù lórí igbó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí aáfà kan tí yóò sọ pé ohun tí ń pa iyè dà jẹ́ ẹ̀tọ́ fún Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí a kì í sábà yẹ̀ wò. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ dájú pé ẹnìkan mu igbó? Ta ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀? Irin-iṣẹ́ wo ni ó fi mọ̀ ọ́n? Ibo sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe é gbára lé dé?

Ìdí tí ìbéèrè wọ̀nyí fi ṣe pàtàkì kò fara sin. Bébà àyẹ̀wò tí a ń tì bọ inú ìtọ̀ ti wà ní kẹ́mísì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rà á. Ní ọdún 2021, Ọ̀gágun Buba Marwa tí ó ti fẹ̀yìntì, ẹni tí ó di olórí àjọ NDLEA ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, rọ̀ pé kí àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó máa ṣe àyẹ̀wò oògùn olóró. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń béèrè fún un pẹ̀lú. Èyí fi hàn pé èsì àyẹ̀wò kan lè da ètò nikah rú, ó lè lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ilé-ìwé, ó sì lè sọ bàbá àti ọmọ di ọ̀tá ara wọn. Ohun tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí á mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

ILÀ MÉJÌ TÍ Ó DA ILÉ RÚ

Ẹ jẹ́ kí á fi àdúgbò Jahi ní Àbújá ṣe àpèjúwe. Jahi kò jìnnà sí Gwarinpa àti Katampe. Abúlé àwọn Gbagyi ni tẹ́lẹ̀ rí. Bí Àbújá ti ń gbòòrò lẹ́yìn tí ó di olú-ìlú Nàìjíríà ní ọdún 1991 ni ilé ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Àbújá wà níbẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ, wọ́n jìnnà sí ìyá àgbà àti bàbá àgbà tí ì bá máa bá wọn mójú tó àwọn ọmọ.

Ká ní bàbá kan ní Jahi rí ewé gbígbẹ nínú àpò ọmọ rẹ̀ tí ó gba ìsinmi wálé láti yunifásítì. Ọmọ ní òun kò mọ bí ewé náà ṣe dé ibẹ̀. Bàbá sáré lọ sí kẹ́mísì, ó ra bébà àyẹ̀wò, ó ní kí ọmọ tọ̀ sínú ife. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ilà pupa méjì yọ lórí bébà náà. Bàbá figbe ta. Nínú àyẹ̀wò oyún tí ó ti rí rí, ilà méjì túmọ̀ sí pé oyún wà. Ó ti na ọmọ náà nà-ìn-nà kí aládùúgbò kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó wọlé, tí ó wo bébà náà, tí ó sì wí pé: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ilà méjì nínú àyẹ̀wò yìí, a kò rí igbó ni ìtumọ̀ rẹ̀.”

Bàbá kábàámọ̀, ó bẹ ọmọ, ó sì sọ ewé náà dànù. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò tíì parí. Ó ṣeé ṣe kí ewé náà má jẹ́ igbó rárá, kí ó jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Colorado tàbí Colos. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bébà yẹn kò lè rí i, àní bí ọmọ náà bá mu ún ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

Àpèjúwe lásán ni ilé yìí, ṣùgbọ́n àṣìṣe méjèèjì tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kíní ni kí á dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, èkejì ni kí á fọkàn balẹ̀ níbi tí ewu wà. Kí á lè yẹra fún méjèèjì, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí yàrá àyẹ̀wò ń wá.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ IGBÓ?

Ó ti pẹ́ tí òfin ti ń bá igbó jà ní Nàìjíríà. Òfin tí a ń pè ní Indian Hemp wà láti ọdún 1966, a sì dá àjọ NDLEA sílẹ̀ pẹ̀lú òfin kejìdínláàádọ́ta ti ọdún 1989. Síbẹ̀, ìwádìí orílẹ̀-èdè ti ọdún 2018, tí àjọ ìṣirò NBS àti àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe, fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 10.6 láàrin ọmọ ọdún 15 sí 64 ni ó mu igbó láàrin ọdún kan. Igbó ni ó ga jù nínú gbogbo oògùn olóró tí ìwádìí náà kà.

Èròjà pọ̀ nínú ewé igbó, ṣùgbọ́n èyí tí ń pa iyè dà ni THC. Ní ọdún 1964 ni Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Israel, yọ èròjà yìí sọ́tọ̀ gedegbe, tí wọ́n sì sọ bí a ṣe kọ́ ọ. Ní ọdún 1988 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ibì kan wà nínú ọpọlọ tí THC ń wọ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọ inú àgádágodo. CB1 ni wọ́n wá ń pe àgádágodo náà. Bí THC bá wọ̀ ọ́, kò ń yí i dé òpin. Ó ń yí i dé ìdajì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin igbó àti igbó àtọwọ́dá ti bẹ̀rẹ̀.

IGBÓ ÀTỌWỌ́DÁ: KỌ́KỌ́RỌ́ TUNTUN FÚN ÀGÁDÁGODO KAN NÁÀ

Nígbà tí a ti mọ àgádágodo, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kọ́kọ́rọ́ tuntun nínú yàrá iṣẹ́ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bóyá oògùn ìrora lè ti ibẹ̀ jáde. John W. Huffman ní Yunifásítì Clemson ní Amẹ́ríkà rọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú èròjà bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi sàmì sí wọn: JWH-018, JWH-073 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìmọ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ibi ka ìwé tí ó kọ, wọ́n sì sọ ọ́ di ọjà.

Ní àwọn ọdún 2000, ewé kan ń tà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Spice. Wọ́n ní ewé atasánsán lásán ni. Àwọn tí ó mu ún ń ṣe bí ẹni tí ó mu igbó, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ìtọ̀ wọn kò sì fi nǹkan kan hàn. Òpin ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ ní Jámánì àti Austria tó já a: wọ́n rí JWH-018 lára ewé náà. Gbogbo yàrá àyẹ̀wò ti ń wá THC, THC kò sì sí níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ìjọba bá ti fi òfin de ọ̀kan, àwọn tí ń ṣe é a yí i padà díẹ̀, a di òmíràn. Ilẹ̀ China fi òfin de gbogbo ẹbí èròjà yìí ní oṣù keje ọdún 2021, àwọn tuntun sì tún jáde lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí àjọ tí ń ṣọ́ oògùn olóró ní Yúróòpù ti kọ sílẹ̀ lé ní 250.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. A kì í gbin igbó àtọwọ́dá. Lúbúlúbú kẹ́míkà ni, a ń pò ó mọ́ nǹkan olómi tí ń tètè gbẹ, a sì ń wọ́n ọn sórí ewé gbígbẹ èyíkéyìí. Ibi tí ó bá kún sí lára ewé kò dọ́gba, nítorí náà ẹni méjì lè mu láti inú ọ̀rá kan náà, kí ọ̀kan máa rẹ́rìn-ín, kí èkejì ṣubú lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yí àgádágodo inú ọpọlọ dé òpin, kì í ṣe ìdajì bíi ti THC. Ìdí nìyẹn tí gìrì, ìlùkìkì àyà, èébì àìdáwọ́dúró, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn àti àìsàn kíndìnrín fi ń tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ yín pé igbó ni Colorado, ó parọ́ fún un.

BÍ A ṢE Ń YẸ EWÉ WÒ

Bí àjọ NDLEA bá mú ewé tí a fura sí, ọ̀nà tí a ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò ní ipele mélòó kan. Àjọ UNODC ti tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé: ọ̀kan fún igbó ní ọdún 2009, èyí tí a tún ṣe ní 2022; ọ̀kan fún igbó àtọwọ́dá ní ọdún 2013, èyí tí a tún ṣe ní 2020.

Ipele kìn-ín-ní ni ojú. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, ìyẹn awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ewé igbó ní irun wínníwínní tí ó tẹ̀ bí èékánná ẹranko. Bí a bá kán omi ásíìdì sí ìdí irun náà, a máa hó díẹ̀, nítorí ohun bí ẹfun wà níbẹ̀. Ewé tí a kàn wọ́n kẹ́míkà sí kò ní irun yìí, àfi bí ó bá jẹ́ ewé igbó gan-an ni wọ́n wọ́n ọn sí.

Ipele kejì ni àwọ̀. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni a ń pè ní Duquenois-Levine. A ń po díẹ̀ nínú ewé mọ́ àwọn omi kẹ́míkà kan. Bí ó bá jẹ́ igbó, àwọ̀ elésè àlùkò a yọ, a sì bọ́ sínú omi chloroform tí ó wà nísàlẹ̀. Àyẹ̀wò yìí yá, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ewé mìíràn wà tí kì í ṣe igbó tí ó lè mú àwọ̀ tí ó jọ bẹ́ẹ̀ jáde, igbó àtọwọ́dá ní tirẹ̀ kì í sì í mú un jáde. Nítorí náà, ìfura ni àwọ̀ ń fún wa, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí.

Ipele kẹta ni pákó pẹlẹbẹ tí a fi ìyẹ̀fun funfun kùn. A ń kán omi ewé náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì ń jẹ́ kí omi mìíràn máa fà á gòkè, bí epo ti ń gun òwú àtùpà. Èròjà kọ̀ọ̀kan ń dúró ní ipò tirẹ̀. Bí a bá wá fín oògùn aláwọ̀ tí a ń pè ní Fast Blue sí i, THC a pọ́n, CBD tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ a dà bí àwọ̀ ọsàn, CBN a sì ṣe bí elésè àlùkò.

Ipele tí ó ga jù ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní GC-MS. Ẹ̀rọ méjì ni a so pọ̀. Nínú èkíní, ooru ń sọ èròjà di afẹ́fẹ́, a sì ń tì í gba inú ọ̀pá kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tí ó sábà máa ń gùn tó mítà 30. Ẹ wo àwọn èrò tí ń gba inú ọjà Wuse kọjá: ẹni tí kò ní nǹkan rà yóò yára jáde, ẹni tí ń dúró ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni èròjà kọ̀ọ̀kan ń jáde ní àsìkò tirẹ̀. Ẹ̀rọ kejì ń fọ́ ọ túútúú bí ìkòkò amọ̀, ó sì ń wọn àwọn àpáàdì rẹ̀. Òṣùwọ̀n THC lódindi jẹ́ 314. Lára àwọn àpáàdì rẹ̀ ni a ti ń rí 299 àti 231.

Kí ni ìdí tí a fi nílò ẹ̀rọ méjèèjì? Nítorí pé òṣùwọ̀n CBD, èyí tí kì í pa iyè dà bíi ti THC, jẹ́ 314 bákan náà. Bí ìbejì ni wọ́n rí lórí òṣùwọ̀n. Àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde nínú ọ̀pá àti bí àpáàdì wọn ṣe pọ̀ sí ni a fi ń mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní LC-MS, èyí tí ń lo omi dípò afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ó dára fún èròjà tí ooru lè bà jẹ́ tàbí tí ooru lè sọ di nǹkan mìíràn.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ẹjọ́, àwọ̀ nìkan kò tó. Nínú ẹjọ́ NDLEA, àwọn ìwé kan wà tí ilé-ẹjọ́ ń wò: ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ìwé tí ń fi hàn bí a ṣe di ẹrù náà pa, àti ìwé tí a fi bẹ onímọ̀ ní ìrànlọ́wọ́. Ìdí ni pé kí á lè mọ̀ pé ewé tí a gbà lọ́wọ́ ẹni yìí ni ó dé iwájú ẹ̀rọ, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Bí òfin bá béèrè èyí lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó dá àjèjì lẹ́bi, mélòó mélòó ni ó yẹ kí òbí béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ kí ó tó dá ọmọ bíbí inú rẹ̀ lẹ́bi?

BÉBÀ ÀYẸ̀WÒ ÌTỌ̀: BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ara kì í tọ THC jáde bí ó ti wọlé. Ẹ̀dọ̀ ń yí i padà di èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní THC-COOH, èyí ni bébà sì ń wá nínú ìtọ̀.

Lórí bébà náà, àmì méjì wà: C àti T. Níbi T, wọ́n ti lẹ ohun tí ó jọ èròjà igbó mọ́ ọn. Inú bébà tún ní àwọn ìránṣẹ́ aláwọ̀ pupa tí wọ́n ti kọ́ láti di èròjà igbó mú, bí ajá ọdẹ ti ń mọ òórùn ẹran kan ṣoṣo. Bí ìtọ̀ bá ń gun bébà, ó ń gbé àwọn ìránṣẹ́ yìí lọ. Bí kò bá sí igbó nínú ìtọ̀, ọwọ́ wọn ṣófo. Bí wọ́n bá dé T, wọn a di ohun tí ó wà níbẹ̀ mú, ilà a sì yọ. Bí igbó bá wà nínú ìtọ̀, ọwọ́ wọn ti kún. Wọn a kọjá lọ, ilà kò ní yọ.

Nítorí náà, ilà ní C àti ní T: a kò rí igbó. Ilà ní C nìkan: ìfura wà. Bí ilà T bá fẹ́lẹ́ tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ilà ni síbẹ̀, a kò rí igbó. Bí C kò bá ní ilà, bébà ti bàjẹ́, ẹ má ṣe ka ohunkóhun sí i.

Bébà náà ní ìwọ̀n tí ó ń tẹ̀ lé. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni nánógíráàmù 50 nínú mìlílítà ìtọ̀ kan. Ohun tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, bébà yóò sọ pé kò sí. Ẹni tí ó mu igbó lẹ́ẹ̀kan lè mọ́ láàrin nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí ń mu ún lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó lè tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé inú ọ̀rá ara ni THC ń sá pamọ́ sí. Bébà kò lè sọ bóyá àná ni ó mu ún tàbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì lè sọ pé iyè rẹ̀ dà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ìránṣẹ́ bébà tún lè ṣi nǹkan mú. Efavirenz, oògùn tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV lò fún ọdún púpọ̀, ti mú kí àwọn kan nínú irú àyẹ̀wò yìí sọ pé igbó wà níbi tí kò sí. Ẹ wo ohun tí èyí lè dá sílẹ̀: ẹni tí ń fi sùúrù lo oògùn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí àwọn àna rẹ̀ wá pè é ní amugbó. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì North Carolina ní Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọ kan mú kí àyẹ̀wò ìtọ̀ ọmọ tuntun sọ pé igbó wà. Nígbà tí ẹ̀rọ ńlá wádìí rẹ̀, kò sí igbó kankan. Ìdí nìyí tí yàrá àyẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi dúró lórí bébà. Bí bébà bá fura, a gbé ìtọ̀ kan náà lọ síwájú GC-MS tàbí LC-MS kí ó wá jẹ́rìí.

Ní ti igbó àtọwọ́dá, ajá ọdẹ tí a kọ́ ní òórùn THC kò mọ òórùn tirẹ̀. Àwọn bébà kan wà tí a ṣe fún JWH-018 àti JWH-073, ṣùgbọ́n àwọn èròjà tuntun ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn, bébà wọ̀nyí kò sì mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun náà. Ẹ̀rọ tí ó lè rí wọn ni LC-MS tí ó lágbára. Òun pàápàá nílò àpẹẹrẹ tí a mọ̀ láti fi wé èyí tí a rí. Bí èròjà bá tuntun débi pé kò sí àpẹẹrẹ rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tí ń wọn ohun dé ìdá wẹ́wẹ́, tí onímọ̀ lè fi òṣùwọ̀n náà mọ irú ohun tí a fi kọ́ ọ.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní Brooklyn ní New York, ní oṣù keje ọdún 2016, nígbà tí ènìyàn 33 ń rìn bí òkú tí ó jí lójú títì. Àwọn onímọ̀ yẹ àpẹẹrẹ láti ara mẹ́jọ nínú wọn wò, wọ́n sì rí àmì AMB-FUBINACA, igbó àtọwọ́dá tí wọ́n ṣírò agbára rẹ̀ sí ìlọ́po 85 ti THC.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI SIERRA LEONE

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Julius Maada Bio ti Sierra Leone kéde pé ọ̀rọ̀ ewé kan tí wọ́n ń pè ní kush ti di ewu orílẹ̀-èdè. Ìròyìn ti gba ìlú pé egungun òkú ni wọ́n ń lọ̀ sínú rẹ̀, débi pé ọlọ́pàá ń ṣọ́ itẹ́ òkú ní Freetown. Àwọn mìíràn ní tramadol ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìwádìí tí àjọ Global Initiative Against Transnational Organized Crime àti ilé-ẹ̀kọ́ Clingendael gbé jáde sọ ohun tí àyẹ̀wò rí. Nínú bí ìdajì àwọn àpẹẹrẹ kush tí wọ́n yẹ̀ wò, nitazene ni ó wà níbẹ̀, oògùn olóró kan tí ó jẹ́ ìbátan morphine tí ó sì lágbára púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, igbó àtọwọ́dá tí a ń pè ní MDMB-4en-PINACA ni. Ọ̀rá kan náà, orúkọ kan náà, májèlé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀mí wà nínú ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí nitazene fẹ́ gba èémí rẹ̀, dókítà lè fi oògùn naloxone gbà á là. Naloxone kò ní ohun kan í ṣe fún ẹni tí igbó àtọwọ́dá gbé ṣubú. Ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Ìròyìn egungun kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ̀rọ tí ó sọ òótọ́ ni ó fi ọ̀nà ìtọ́jú hàn.

KÍ NI KÍ ILÉ ṢE?

Nínú Súrátù Hujuráàt, áyà kẹfà kọ́ wa láti wádìí ìròyìn kí á tó gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí, áyà kejìlá sì kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá. Bébà àyẹ̀wò jẹ́ oníròyìn tí ń sọ òótọ́ nígbà mìíràn tí ó sì ń ṣì í sọ nígbà mìíràn. Bí a ṣe ń ṣe sí irú oníròyìn bẹ́ẹ̀ ni kí á ṣe sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé èsì àyẹ̀wò wá síwájú yín, yálà fún nikah, fún iṣẹ́ tàbí fún ilé-ìwé, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èròjà wo gan-an ni àyẹ̀wò yìí wá? Ìwọ̀n wo ni ó fi ṣe ààlà? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ GC-MS tàbí LC-MS ti jẹ́rìí sí i? Bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta bá jẹ́ rárá, ìfura ni ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ béèrè pẹ̀lú oògùn tí ẹni náà ń lò ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́.

Bí bébà bá sọ pé kò sí igbó, ṣùgbọ́n tí ẹ rí i pé ìwà ọmọ ti yí padà, tí oorun rẹ̀ dàrú, tí owó ń sọnù nínú ilé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilà méjì mú yín sùn lọ. Ojú òbí rí ohun tí bébà kò lè rí. Ẹ pè é jókòó, ẹ bá a sọ̀rọ̀ láìsí pàṣán lọ́wọ́. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò ní sọ orúkọ ohun tí ó mu fún yín, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yẹn lè jẹ́ ohun tí dókítà nílò jù.

Bí ẹnìkan bá ṣubú tàbí tí gìrì mú un, ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má ṣe ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe da epo pupa, mílíìkì tàbí àgbo sí i lọ́fun. Ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìyókù ewé náà dání pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ dànù nítorí ìtìjú. Ohun tí yàrá àyẹ̀wò lè fi mọ májèlé náà ni.

Fún ẹni tí ó ti wọ̀ ọ́ lára, àìsàn ni ó ń ṣe é, ìtọ́jú sì wà. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá àti ní Arò, Abẹ́òkúta, ń gba irú wọn. Àjọ NDLEA ní nọ́ńbà tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru fún ìmọ̀ràn: 080010203040.

Àwọn àgbà wa sọ pé a kì í fi ọ̀ràn pa mọ́ kí á rí ìgbàlà. Ṣùgbọ́n a kì í sì í fi ọ̀ràn lé aláìlọ́ràn lórí. Ẹ jẹ́ kí ìfura mú wa wádìí, kí ìwádìí mú wa mọ òótọ́, kí òótọ́ sì mú wa tọ́jú ẹni tí ó ń ṣe.

Kí Ọlọ́hun Ọba Onímọ̀ fi ìmọ̀ ṣe ààbò fún ilé wa, kí Ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ibi tí ojú wa kò dé, kí Ó sì fún àwọn tí ó ti ṣìnà ní ọ̀nà àbò padà wálé. Àmín.